Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Di Abẹ́rẹ́ Mú

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo gbé wá lónìí: bí a ṣe lè kọ́ ọmọ kékeré ní aṣọ rírán. Ọmọ kékeré ni mo wí o, ọmọ ọdún 5 sí ọdún 8. N kò sọ ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí a mú lọ bá télọ̀, tí yóò kọ́ ọ títí yóò fi gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá yóò kọ́kọ́ wí. "Ọmọ mi? Abẹ́rẹ́? Kó má lọ gún ara rẹ̀ lójú!" Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan náà yìí ni yóò mú ọ̀bẹ tí yóò fi bó ọsàn bí ẹ bá ti yíjú. Nínú iṣẹ́ yìí, ti ọmọ rọrùn. Ibi tó ti le ni ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó jókòó tì í. Ọwọ́ wa kì í gbé jẹ́ẹ́. Bí a bá ti rí i pé ìrán ọmọ wọ́, a ó já abẹ́rẹ́ gbà, a ó ní, "Gbé e wá, jẹ́ n bá ọ ṣe é." Aṣọ á gún régé, ọmọ ò sì ní kọ́ nǹkan kan.

Nínú agbo ilé wa láyé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ọmọdé kọ́kọ́ ń ṣe kì í ṣe aṣọ rírán rárá. Ìyá àgbà ni yóò pè é pé kó wá bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí ojú ti ń ṣe bàìbàì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ọmọ á fi itọ́ rin ẹnu òwú, á fi ìka méjì lọ́ ọ kó mú, á di ojú kan, á fi í bọ ihò. Màmá á ní, "O ṣeun, ọmọ mi, wàá dàgbà." Torí pé wọ́n tún máa nílò rẹ̀ láìpẹ́, kò ní lọ jìnnà, á jókòó síbẹ̀, á máa wo ọwọ́ wọn. Ìwòye yẹn ni ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ti ra awò ojú fún màmá nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì jẹ́ kí ọmọ máa bá wọn fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ìlẹ̀kẹ̀ ni kí ó máa sín. Tàbí kí ẹ fi ìṣó lu ihò sára páálí ọṣẹ, kí ẹ fún un ní okùn bàtà kó máa fi bọ ọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá wá tó àkókò abẹ́rẹ́, ẹ má fún un ní èyí tín-ín-rín tí télọ̀ ń lò. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta òwú súwẹ́tà lọ́jà, kí ẹ ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán apá súwẹ́tà mọ́ ara rẹ̀. Ó nípọn, ihò rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ kú. Bí ọmọ bá ṣèèṣì fi kan ọwọ́, kò ní ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ ra òwú súwẹ́tà díẹ̀ mọ́ ọn, kí ọmọ fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ tó wù ú. Ní ti aṣọ, ẹ má wulẹ̀ ṣí àpótí yín. Àpò tí wọ́n fi ń di kòkó ni ẹ nílò, èyí tí wọ́n fi okùn hun, kì í ṣe ti ọ̀rá tí ìrẹsì ń wá nínú rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ sá a, kí ẹ gé e tó ìwọ̀n ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àpò yìí kò fi ihò rẹ̀ pamọ́. Ọmọ ń rí ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà wọlé, ó sì ń rí ibi tí yóò gbà jáde, kò sì nílò agbára láti gún un.

Ẹ gé òwú kó má gùn ju apá ọmọ lọ. Àwa àgbàlagbà a máa gé òwú gbọọrọ nítorí a ò fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ọmọ ló ní gbọọrọ yẹn lọ́wọ́, á lọ́ mọ́ ìka rẹ̀, á ta kókó fúnra rẹ̀, ẹkún á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ òwú náà po sí méjì, kí ẹ ta ẹnu méjèèjì ní kókó pọ̀, kí abẹ́rẹ́ má baà máa yọ dànù bí ọmọ bá ti fà á. Télọ̀ tó gbọ́ eléyìí lè rẹ́rìn-ín, torí kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń fi òwú oníṣẹ̀ẹ́po rán. Kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí kò gba iṣẹ́ aṣọ ìyàwó.

Ẹ jókòó ti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ jọ kọjú sí ibì kan náà, kí ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe lè rí lójú rẹ̀ bí yóò ṣe rí lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni kí ẹ máa pè fún un: "Wọlé. Jáde." Abẹ́rẹ́ gba òkè wọlé, ó gba abẹ́ jáde. Ẹ ó rí i pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọmọ ló ń ṣe ohun kan yìí: bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé tán, kàkà kí ó gbà á lábẹ́ padà, yóò gbé e gba etí aṣọ yọ sókè, yóò tún kì í bọ òkè níbẹ̀. Òwú á wá wé mọ́ etí aṣọ. Ẹ má tú u. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà ṣe ń fi ọwọ́ wé etí aṣọ kó má baà máa tú. Ẹ sọ fún un pé ó ti mọ ọ̀nà kan, ẹ ó fi òmíràn hàn án lọ́la.

Ẹ ó tún rí i pé ó ń fa òwú jù, tí aṣọ á fi súnkì, tí á ká jọ sójú kan. Àwọn tó ń ṣe ọnà sára aṣọ ní òrùka igi méjì tí wọ́n fi ń há aṣọ láàárín kó lè nà. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ó dára. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ́ ọ kó máa fi àtàǹpàkò na aṣọ rẹ̀ padà bó bá ti rán an díẹ̀. Bí ẹ bá ti lo ìṣẹ́jú 15, ẹ kó o nílẹ̀, bó tilẹ̀ wù ú kó máa rán an lọ. Kí ó fi òùngbẹ rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn àpò kòkó, n kò mọ aṣọ tó dára ju àjákù yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, èyí tó ní ilà búlúù àti funfun tó dábùú ara wọn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, ó máa ń kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á sì fún yín. Kò sí pé à ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà fún ọmọ. Aṣọ ti fa ilà sílẹ̀ fún un. Kí ó mú ilà kan ṣoṣo, kí ó máa tọ̀ ọ́: wọlé lórí búlúù, jáde lórí funfun. Ní báyìí, ẹ lè fún un ní abẹ́rẹ́ gidi, èyí tó gùn díẹ̀ tí ihò rẹ̀ ò kéré jù. Tó bá ti mọ̀ ọ́n lórí ilà, ẹ wá àǹkárá tó ní àwòrán ẹyẹ tàbí ẹja, kí ó máa fi òwú tọ ara ẹyẹ náà yí ká.

Ṣùgbọ́n ilà lórí àjákù aṣọ kì í dùn mọ́ ọmọdé pẹ́. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun di nǹkan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àpò ẹ̀wà tí ọmọ lè máa jù sókè kó máa hán an. Ẹ gé aṣọ méjì tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, kí ẹ dojú wọn kọ ara wọn, kí ọmọ rán ìhà mẹ́ta. Kí ó yí i síta, kí ó bu ẹ̀wà sí i dé ìdajì, kí ó wá rán ìhà kẹrin pa. Ẹ má lo ẹ̀wà tó ti ní kòkòrò o, kí ẹ má baà pín kòkòrò kárí ilé.

Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìrán tó jìnnà síra yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹ̀wà. Ọmọ á ju àpò sókè, ẹ̀wà kan á bọ́ sílẹ̀. Á tún jù ú, méjì á bọ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí, kò sẹ́ni tó sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dára. Á yí àpò wò, á rí ibi tí ẹ̀wà ń gbà yọ, á fi ìka tọ ihò náà, á wá bi yín pé kí ni kí òun ṣe sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ fi ìrán àpadàsẹ́yìn hàn án: abẹ́rẹ́ á jáde síwájú, á padà wọlé síbi tí ìrán tó ṣáájú parí sí, kí àyè kankan má ṣẹ́kù láàárín. Ká ní ẹ ti kọ́ ọ ní èyí láti ọjọ́ kìíní, kò ní yé e, torí kò rí ohun tó wà fún. Lọ́jọ́ tí ẹ̀wà ń bọ́, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tún iṣẹ́ ọmọ ṣe. Àwọn òbí kan wà tí wọn ò ní já abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sùn, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán dáadáa, kí àlejò lè rí i. Ọmọ mọ ìrán tirẹ̀. Bó bá jí tó rí i pé ti ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ó ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ, bí ẹ ò tilẹ̀ la ẹnu.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì. A mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi í júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ máa kọ́ ọmọ ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣe ìkíni. Ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́ òsì, ọwọ́ òsì yẹn ni kó fi rán aṣọ. Bí ẹ bá fi dandan gbé abẹ́rẹ́ sí ọ̀tún rẹ̀, ńṣe lẹ fi kún ewu. Òun nìkan ni kí ẹ kọjú sí nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, ẹ̀yin pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún yín, kí ó máa wò yín bí ẹni ń wo dígí. Sísọ́ọ̀sì ló máa ń fìyà jẹ wọ́n jù, torí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ́jà fún. Ẹ máa bá a gé aṣọ títí ẹ ó fi rí ti ọlọ́wọ́ òsì rà.

Ọmọkùnrin ńkọ́? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Kí wọ́n rántí ẹni tó rán agbádá tó wà lọ́rùn wọn. Àwọn ọkùnrin ló jókòó ti òfì aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn láti ìran dé ìran. Ọ̀já aṣọ tí wọ́n ń hun máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìnṣì 4, wọ́n sì ní láti fi etí rán an mọ́ etí kí ó tó di aṣọ tí èèyàn lè wọ̀. Ọnà tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe sí ọrùn àti àyà agbádá, iṣẹ́ ọkùnrin ni láti ilẹ̀. Nígbà tí àwọn mísọ́nnárì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, èrò pé ti obìnrin nìkan ni sì wá ń gbilẹ̀. Kò bá wa láti ilé. Ọmọkùnrin tí kò lè rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á máa wá ẹni tí yóò bá a rán an títí láé ni.

Iṣẹ́ kan wà tí kò bìkítà bóyá ìrán gún tàbí ó wọ́, iṣẹ́ náà sì ni àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú tó yi rán aṣọ funfun lọ ní ilà ilà tàbí ní òbìrí, wọ́n á wá fa òwú náà gírígírí kí aṣọ ká jọ, wọ́n á ta á ní kókó, wọ́n á rì í sínú aró. Aró kò ní ráyè dé ibi tí òwú ti fún aṣọ pa. Bí wọ́n bá tú òwú tán tí wọ́n tẹ́ aṣọ, ibẹ̀ á funfun, ìyókù á dúdú. Ìrán wọlé-jáde tí ọmọ yín kọ́ lórí àpò kòkó náà ni. Aṣọ tó ń súnkì nítorí pé ó ń fa òwú jù, tó jẹ́ àbùkù lánàá, òun gan-an ni a fẹ́ lónìí. Ẹ fún un ní aṣọ funfun tó tó áńkáṣíìfù kan, kí ó rán ohun tó bá wù ú sí i, kí ó fà á, kí ẹ bá a ta kókó rẹ̀ kó le. Ẹ wá gbé e lọ fún aláró kó bá yín rẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ìkòkò aró o. Ọ̀pọ̀ aláró òde òní ń lo kọ́sítììkì sódà àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní háídírò, méjèèjì sì léwu fún ara àti ojú. Títú òwú ni ti ọmọ. Ẹ bá a gé kókó rẹ̀, kí ó máa fà á yọ díẹ̀ díẹ̀, kí ó máa rí àwòrán tó ń yọ jáde. N kò tíì rí ọmọ tó pariwo kékeré ní ìdí iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀rù tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ wá ńkọ́? Òfin kan ló borí gbogbo rẹ̀: abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́, tàbí lára aṣọ, tàbí lára ìrọ̀rí abẹ́rẹ́. Kò ní ilé kẹrin. Kò gbé ẹnu, kò gbé orí ìjókòó, kò gbé ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu di abẹ́rẹ́ mú bí ẹ bá ń rán aṣọ, ẹ má ṣe é lójú ọmọ, torí ohun tó rí ni yóò ṣe. Ẹ ka abẹ́rẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kà bí ẹ bá parí, kí ó jẹ́ ọmọ ni yóò kà á. Bí ọ̀kan bá bọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán rìn títí a ó fi rí i. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nídìí sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ yóò bá yín wá a kíákíá. Ẹ yọ ọ́ pamọ́ kí ẹ tó kó rédíò náà dànù. Abẹ́rẹ́ tó bá ti dípẹtà, ẹ ṣẹ́ ẹ sínú agolo, ẹ sọ ọ́ nù. Ọmọ yóò gún ọwọ́ nígbà kan ṣá, ẹ̀jẹ̀ kíún á yọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ má fi igbe kún un. Àwọn àgbà wa kì í ra abẹ́rẹ́ lálẹ́; n kò ní dá sí ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ọmọ má rán aṣọ lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní ti máṣíìnì, ẹ má kánjú. Bí ẹsẹ̀ ọmọ kò bá tíì balẹ̀ dáadáa lórí pátákó ìtẹ̀, kó fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí kì í sáré ju bí ọwọ́ bá ṣe yí i lọ. Ẹ yọ òwú kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi ìwé onílà sábẹ́ rẹ̀, kí ọmọ máa tọ ilà inú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ máṣíìnì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ẹ ní kó sọ ìyàtọ̀ wọn. Ti ọwọ́ ní ihò nídìí. Ti máṣíìnì ní ihò lẹ́nu. Elias Howe, ará Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ fún máṣíìnì tirẹ̀ ní 1846, lo abẹ́rẹ́ tí ihò wà lẹ́nu rẹ̀ yìí, kí òwú òkè lè bá òwú ìsàlẹ̀ kọ́ra láìjẹ́ pé gbogbo abẹ́rẹ́ la aṣọ kọjá. Ọmọ ọdún 7 lè lóye èyí bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí máṣíìnì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àkókò wa ti ń lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bọ́tìnnì yunifọ́ọ̀mù kan yóò já nílé yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá ọmọ rán an. Ẹ ní kí ọmọ bọ́ aṣọ náà, torí a kì í rán aṣọ mọ́ni lára, kí ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú tó bá aṣọ mu. Kí ó fi igi ìṣáná kan lé orí bọ́tìnnì, kí ó máa gba orí igi náà rán an. Tó bá ti parí, kí ó fa igi yọ, kí ó wé òwú tó ṣẹ́kù mọ́ abẹ́ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó ta kókó. Àyè tí igi ìṣáná fi sílẹ̀ ni bọ́tìnnì yóò fi lè wọ ihò rẹ̀ láìfún. Bó bá wọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.